Àkámọ́ Tó Sọnù Kọ́ Ló Ń Da let Láàmú

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹnìkan gbé kóòdù tó fi Lisp (èdè kọ̀ǹpútà tó kún fún àkámọ́) kọ, tí kò ṣiṣẹ́, jáde, kíá lẹlòmíràn ti fèsì: "Àkámọ́ kan ló sọnù, fi ọ̀kan kún un nísàlẹ̀." Ó ti sú mi. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ wo kóòdù náà.

Ẹ wo èyí, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi let (ọ̀rọ̀ tó ń so orúkọ mọ́ iye) pe 5 ní x:

(let (x 5) (+ x 1))

Mẹ́ta ṣí, mẹ́ta padé. Kí ló wá sọnù? Síbẹ̀ Common Lisp ò ní gbà á, Scheme náà ò ní gbà á, ẹ̀yà Lisp sì ni méjèèjì. Orúkọ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́ tiwọn, kí àkámọ́ ńlá kan tún kó gbogbo wọn pọ̀:

(let ((x 5)) (+ x 1))

Apá tó ń ka kóòdù ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú Lisp, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ let. Bí àkámọ́ kan bá sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń parí: Emacs, editor (ètò tí a fi ń kọ kóòdù) tó ní Lisp tirẹ̀, á ní "End of file during parsing", ìyẹn ni pé fáìlì tán kí kíkà tó parí. Nítorí náà, bí Racket, ẹ̀yà Lisp mìíràn, bá kígbe "let: bad syntax" (pé bí a ṣe kọ let kò dáa), a ti ka àkámọ́ tán, wọ́n sì ti pé. Bí wọ́n ṣe tò ó ni kò dáa. Ẹ wá ń fi ọ̀kan kún un, fún kí ni?

Èyí tó burú jù kì í pariwo rárá:

(let (x y) (list x y))

Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí x gba iye y. Common Lisp ò ní bá a jà. Ńṣe ló máa sọ àwọn méjèèjì di NIL (òfo), kódà bí y bá jẹ́ 10 níta. Ẹ ka iye àkámọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí àṣìṣe náà.

Ti let*, ìyẹn let tó ń so orúkọ mọ́ iye lọ́kọ̀ọ̀kan, ńkọ́? (let ((x 5) (y (+ x 1))) y) ò mọ x, torí let máa ń ṣírò gbogbo iye kó tó so orúkọ kankan mọ́ ọn. Ẹ fi let* rọ́pò rẹ̀, ó parí.

Lóòótọ́, àkámọ́ máa ń sọnù nígbà míì. Ṣùgbọ́n nínú kóòdù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń bá wọn tún ṣe, editor ti ń pa àkámọ́ dé fúnra rẹ̀, let ṣì ń kọ̀. Ẹ gbé cursor sórí àkámọ́ tó tẹ̀ lé let, kí ẹ wo ibi tó padé sí àti ohun tó kó sínú.