Kíkó ẹrù jáde kò tú ìgbéyàwó ká

Èrò ọkàn mi lónìí, ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin Ìgbómìnà, ẹ̀yin ará Ọ̀ffà. Nínú gbogbo ohun tó ń kó àwọn tọkọtaya tó ti pínyà sí wàhálà láàárín wa, èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ wọn ò mọ irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà tó bá wọlé, ibo ló fẹ́ gbà jáde?

Ìyàwó di ẹrù, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ọkọ ti mú ẹlòmíì wọlé, ìyàwó náà ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Gbogbo àdúgbò gbà pé wọ́n ti kọra wọn sílẹ̀. Àmọ́ bí ọkọ kò bá fi ẹnu kọ ọ́, tí kóòtù kankan kò sì tú wọn ká, tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́. Ọjọ́ tí ọkọ bá kú tí wọ́n fẹ́ pín ogún lọ̀rọ̀ máa ń yọjú. Obìnrin tí wọ́n ti gbàgbé á ní opó olóògbé lòun, òfin á sì tì í lẹ́yìn.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá so yìgì níwájú Alfa, tí kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ìgbéyàwó ẹ̀sìn Ìsìláàmù lẹ ṣe. Bó bá jẹ́ ìdána, tí ẹbí gba owó orí, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni. Bí ẹ bá lọ sí rẹ́jísìrì, tàbí ẹ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí tó bá òfin Marriage Act mu, ìyẹn ni ìgbéyàwó tí àwọn èèyàn ń pè ní ti kóòtù. Ẹ kíyè sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló láṣẹ yẹn. Ìwé tí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀, tó fún yín lẹ́yìn àdúrà, kò sọ ìdána yín di ìgbéyàwó rẹ́jísìrì.

Yìgì àti ìgbéyàwó ìbílẹ̀, Kóòtù Àríà (Area Court) ló ń tú wọn ká ní Kwara. Ti rẹ́jísìrì, Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan. Kóòtù Àríà tó bá tú ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ká, apẹ̀rẹ̀ ló fi pọnmi. Àwọn èèyàn ń na owó sórí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á tún ìgbéyàwó ṣe lórí rẹ̀, èkejì kò sì ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.

Àwọn tí mo ń bẹ̀rù fún jù ni àwọn Mùsùlùmí tó so yìgì ní Pákátà tàbí Òkè-Àpómù, tí wọ́n tún sáré lọ ṣe rẹ́jísìrì nítorí físà. Pépà lásán ni wọ́n pè é. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, òfin kò gbà kí ọkọ so yìgì kankan mọ́ ẹlòmíì níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó náà bá ṣì wà. Bí ìjà bá sì dé, ọkọ lè sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pépà náà ò ní tú. Ilé Ẹjọ́ Gíga ni yóò tú u. Inú mi bàjẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé èyí fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti yìgì, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù nílùú wa. Bí ọkọ bá kọ ìyàwó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀kejì, ó lè mú un padà kí iddah, ìyẹn àkókò tí obìnrin gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, tó parí, láìsí yìgì tuntun, láìsí sàdáákì tuntun, ìyẹn ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí ọkọ ń fún ìyàwó. Bí iddah bá ti parí, yìgì tuntun àti sàdáákì tuntun ló kù, ìyàwó náà sì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ti ìlẹ̀kùn pa: kò lè fẹ́ ẹ mọ́ àfi bí obìnrin náà bá fẹ́ ọkọ mìíràn ní ti tòótọ́, tí ìyẹn náà sì tú fúnra rẹ̀. Ọkọ tó bá fi ìbínú já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, nínú ìlànà Maliki, ìyẹn ìlànà Imam Malik tí a jogún bá, mẹ́ta ni wọ́n kà á sí. Kó tó máa sá kiri wá Alfa tí yóò sọ ọ́ di ẹyọ kan, ì bá ti pa ẹnu mọ́. Ẹ má sì rò pé èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp jẹ́ eré. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì ni iddah. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù yóò ka ìmọ́tótó mẹ́ta. Ẹni tí kì í ṣe é mọ́ yóò ka oṣù mẹ́ta. Aláboyún, títí yóò fi bímọ. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ọkọ ni ẹ ó ti máa ka, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹbí gbọ́. Yìgì tuntun tí wọ́n bá so mọ́ ọkùnrin mìíràn kí iddah tó pé kò dúró.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọkọ àti gbogbo mágàjí agbo ilé gbọ́. Àṣà kí wọ́n kọ obìnrin ní òwúrọ̀, kí ẹrù rẹ̀ wà níta ní ìrọ̀lẹ́, ó lòdì sí ohun tó wà nínú Suratu Talaq, ẹsẹ̀ kìíní. Inú ilé ló yẹ kó ti ka iddah rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá sì jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ tí ọkọ ṣì lè mú un padà ni, oúnjẹ rẹ̀ àti ibùgbé rẹ̀ wà lọ́rùn ọkọ. Bó bá lóyún, títí dìgbà tó bá bí. Ẹ sọ ọ́ ní kóòtù. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ má fi bẹ̀bẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìyàwó ló fẹ́ jáde, ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ sọ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù ló sì máa ń pinnu èyí tí wọ́n á gbé e gbà. Bó bá ní, “Mi ò fẹ́ ẹ mọ́, màá dá sàdáákì rẹ̀ padà,” khul'u nìyẹn, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti san. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ń lù ú, tàbí kò fún un lóúnjẹ, tàbí ó ti bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìsí ìròyìn, ìpalára ni kó fi ṣe ẹ̀sùn. Adájọ́ lè tú yìgì náà lórí ìpalára, sàdáákì á sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ìyẹn obìnrin náà. Ẹ mú ẹ̀rí lọ: ìwé ilé ìwòsàn, ìwé àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ẹlẹ́rìí tó fojú rí i. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń san ohun tí kò yẹ kí wọ́n san torí ojú ń tì wọ́n láti sọ pé wọ́n ń lu àwọn.

Kóòtù máa ń fún ẹbí méjèèjì láyè kí wọ́n parí ọ̀rọ̀, Kùránì náà ní ká yan alárinà kan láti ẹbí ọkọ, kan láti ẹbí ìyàwó. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ níbi tí ìlùkulù bá ti wà, kí ẹni tí wọ́n ń lù kọ́kọ́ wà níbi tí ọwọ́ kò ti ní tó o, kí sùúrù tó tẹ̀ lé e.

Ti ìbílẹ̀ kò gùn. Sàmáǹsì, ẹjọ́, ìdájọ́, owó orí tí wọ́n bá ní kó padà. Ẹ san án níwájú akọ̀wé kóòtù, ẹ gba rísíìtì.

Ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, òfin ọdún 1970 tó ń jẹ́ Matrimonial Causes Act ni wọ́n ń lò. Kò pọn dandan kí ẹ padà síbi tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó. Ẹni tó ṣe é ní Ìkòyí nílùú Èkó lè pẹjọ́ ní Ìlọrin. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ ó gba àyè lọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ kí ẹ tó pe ẹjọ́, àfi àwọn ẹ̀sùn díẹ̀ bí àgbèrè. “A ò bára mu mọ́” kò tó. Ohun tí ẹ ó fi hàn ni pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí ẹ sì fi ọ̀kan ó kéré tán nínú ìdí mẹ́jọ tí òfin kà sílẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Àgbèrè nìkan kò tó láti fi pẹjọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un pé ó ti nira fún yín láti bá ẹni náà gbé. Bí ọkọ tàbí ìyàwó bá pa ẹnì kejì tì, ọdún kan gbáko. Bí ẹ bá ti pínyà, ọdún méjì bí ẹnì kejì kò bá tako ó, ọdún mẹ́ta bó bá tako ó. Tọkọtaya tó wà lábẹ́ òrùlé kan lè ka ìpínyà o, bí ìkòkò ọbẹ̀, yàrá àti ìnáwó bá ti yàtọ̀ pátápátá, àmọ́ ẹ ó nílò ẹlẹ́rìí.

Bí adájọ́ bá dá ẹjọ́, ẹ má tíì ra aṣọ ìyàwó. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí àwọn lọ́yà ń pè ní decree nisi, oṣù mẹ́ta ló máa ń gbà kó tó di absolute, ìyẹn èyí tó tú ìgbéyàwó ká pátápátá. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ètò wà fún ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá gbéyàwó láàárín oṣù mẹ́ta yẹn kò gbéyàwó. Bí ọ̀kan bá sì kú láàárín rẹ̀, ìdájọ́ náà kò ní di absolute mọ́, ẹnì kejì ti di opó.

Lórí ọmọ, Ilé Ẹjọ́ Gíga ń wo ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Nínú ìlànà Maliki, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọkùnrin á wà títí yóò fi bàlágà, obìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bí ìyá bá fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan ọmọ, ìtọ́jú ọmọ máa ń bọ́ sọ́wọ́ ìyá tó bí ìyá ọmọ náà. Níbi yòówù kí ọmọ wà, bàbá ló ń bọ́ ọ. Ẹ má gba “yóò máa ṣe ojúṣe rẹ̀” gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní náírà: owó ilé ìwé, oúnjẹ, ìwòsàn, aṣọ ọdún. Ẹ ní kí ó máa gba báńkì kọjá, kí ọjọ́ tí kò bá san lè hàn gbangba.

Lórí ilé àti ilẹ̀, kò sí òfin pín-in-méjì ní Nàìjíríà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ń lágbára. Ìyàwó tó ra símẹ́ńtì, tó san owó bíríkìlà, tí kò ní rísíìtì, yóò jìyà láti fi hàn. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ẹ kọ ohun tó wà fún sí i: “pẹlẹbẹ òrùlé ilé wa ní Tankẹ”.

Àwọn tí kò lówó lọ́yà, Legal Aid Council wà fún wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn agbẹjọ́rò obìnrin ti FIDA.

Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá parí, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìbéèrè fún ẹ̀dà ìdájọ́ tí akọ̀wé fọwọ́ sí, tó sì lu òǹtẹ̀. Ẹ gba méjì. Ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ẹ fọkàn tán, kí ó má wà nínú ilé tí ẹ ti kó ẹrù jáde.