Ṣé náírà àti sẹ́fà ò lè pàdé láìgba ọ̀dọ̀ dọ́là ni?

Ìyá Aláró, Ìtòkú: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oníbàárà mi kan ti Kútọnu wá lánàá, ó ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ 60 ìró. Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, ló kó wá. Abokí tó ń ṣẹ́ owó fún mi fi itọ́ sọ́wọ́, ó kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, ó rí ìwé 10,000 kan tó ya létí, ó ní òun ò gba ìyẹn. Ká tó ṣírò tán, 18,000 náírà ti wọmi. Ẹ ní kí n lọ sí báǹkì? Wọ́n ní sẹ́fà á kọ́kọ́ di yúrò, yúrò á di dọ́là, kó tó wá di náírà, kálukú á sì gé tiẹ̀. Kútọnu tó wà nítòsí yìí! Mo gbọ́ pé PAPSS kan wà, ètò ìsanwó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tí kálukú á fi san owó ilẹ̀ rẹ̀. Ta ló ti fi gba owó láti Kútọnu rí?

Ọmọ Lísàbí: Àdìrẹ wo? Ṣé èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wá láti Ṣáínà?

Tíṣà Ọrọ̀-Ajé: Ìyá, ẹ kú ọjà. January 2022 ni wọ́n ṣí PAPSS ní Accra. Orílẹ̀-èdè 6 ni wọ́n fi dán an wò: Nàìjíríà, Gánà, Gambia, Guinea, Liberia àti Sierra Leone. Kò sí èyí tó ń ná sẹ́fà nínú wọn. Ẹ bi báǹkì tiyín àti ti oníbàárà yín kẹ́ ẹ tó gbójú lé e.

Àbíkẹ́ Pánṣẹ́kẹ́: PAPSS! Bí orúkọ bisikíìtì 😂

Awakọ̀ Ìdírókò: Ẹ fi owó sílẹ̀, bodè ni wàhálà wa. August 2019 ni wọ́n tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní December 2020, tiwa ní Ìdírókò ṣì wà ní títì títí di April 2022.

Ìyá Aláró, Ìtòkú: Ọmọ Lísàbí, ẹ̀kọ láfún ni mo fi ń ya tèmi. Ìyẹ́ adìyẹ ni ìyá mi fi kọ́ mi.

Ọmọ Lísàbí: Mo tọrọ gáfárà, Ìyá. Àwọn tó ń ta ayédèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni mò ń bá wí.

Aláṣọ Kémta: Ta lẹ pè ní ayédèrú? Mò ń ta ẹlẹ́kọ, mò ń ta títẹ̀. Oníbàárà ló ń yan èyí tápá ẹ̀ ká.

Ọmọ Lísàbí: Ẹ̀yin gan-an lẹ ba Ìtòkú jẹ́!

Aláṣọ Kémta: Ṣé ìwọ lò ń bá mi san owó ilé-ìwé ọmọ?

Tíṣà Ọrọ̀-Ajé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ owó. Àwa àti Ṣáínà náà ṣe àdéhùn láti máa ṣe pàṣípààrọ̀ owó ara wa láìgba ọ̀dọ̀ dọ́là lọ́dún 2018, bílíọ̀nù 15 yuan sí bílíọ̀nù 720 náírà. Ohun tí à ń rà lọ́wọ́ wọn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa lọ fíìfíì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi náírà tó bá kó jọ sí wọn lọ́wọ́ ṣe?

Aláṣọ Kémta: Mò ń rajà láti Ṣáínà, n ò rí yuan yẹn ní báǹkì kankan.

Ọmọ Lísàbí: Ẹ ẹ̀ rí i! Ó ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé Ṣáínà ló ti ń kó o wá.

Ará Kétu: Ẹ kú àárọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀. Èmi ń gba náírà lọ́wọ́ ará Nàìjíríà, àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan, kì í yẹ̀. Láti June 2023 tí wọ́n ti ní kí ọjà máa dá iye náírà fúnra ẹ̀, tí mo bá gbà á lọ́jọ́ Ajé, n kì í jẹ́ kó bá mi di ọjọ́ Ẹtì. Ta ni yóò ru àdánù ọjọ́ mẹ́rin yẹn?

Awakọ̀ Ìdírókò: BODÈ NI! Tí ọkọ̀ ò bá kọjá, kí lẹ fẹ́ sanwó ẹ̀?

Aláṣọ Kémta: Ọmọ Lísàbí, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la. Wá fọwọ́ kan ẹlẹ́kọ mi, kó o gbóòórùn aró ara ẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: Mò ń bọ̀. Aago mẹ́wàá.

Àbíkẹ́ Pánṣẹ́kẹ́: Ìyá Aláró, ẹ dákun, èló ni ìró kan?