Àtúnṣe: Kì í ṣe àwọn tó ń ṣagídí nìkan lọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń yìnbọn fún

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, fọ́ìsì nóòtù tẹ́ ẹ ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn, tó ní kò sí dúdú tó gbọ́ràn sọ́lọ́pàá lẹ́nu l'Ámẹ́ríkà tí wọ́n máa yìnbọn fún, irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ wo ti Philando Castile, awakọ̀ dúdú kan, July 6, 2016, ní ìpínlẹ̀ Minnesota l'Ámẹ́ríkà. Wọ́n dá a dúró, ọlọ́pàá ní iná bíréèkì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, kò sá, kò bú ẹnikẹ́ni, òun fúnra ẹ̀ ló rọra sọ fún un pé ìbọn wà lára òun, ó sì ní láísẹ́ǹsì ẹ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ọlọ́pàá ti yin ọta méje, ó sì pa á! Ọmọ ọdún 4 wà lẹ́yìn mọ́tò o. Ọlọ́pàá ní òun rò pé ìbọn ló fẹ́ yọ, ọ̀rẹ́bìnrin Castile ní ìwé ìdánimọ̀ ló fẹ́ mú, ní 2017 ilé ẹjọ́ ní ọlọ́pàá ò jẹ̀bi. Báwo làwọn dúdú ibẹ̀ ṣe fẹ́ fọkàn tán wọn?

Àwọn Yunifásítì Stanford náà yẹ bíi 100 mílíọ̀nù ìgbà tọ́lọ́pàá dá mọ́tò dúró l'Ámẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé tílẹ̀ bá ti ṣú, tí ojú awakọ̀ ò hàn dáadáa mọ́, iye dúdú láàárín àwọn tí wọ́n ń dá dúró ń dín kù, ìyẹn ni pé ó jọ pé wọ́n ń wo àwọ̀ èèyàn kí wọ́n tó dá a dúró.

Èyí tí fọ́ìsì nóòtù yẹn tún sọ, pé tọ́lọ́pàá ibẹ̀ bá dá yín dúró, kẹ́ ẹ tètè bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò kẹ́ ẹ lọ kí wọn, bíi tọ̀nà Ọ̀wọ̀, ìyẹn gan-an léwu jù. Ẹ sọ fáwọn ọmọ yín níbẹ̀ kí wọ́n jókòó sínú mọ́tò, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárì, kí wọ́n má sì kiwọ́ bàpò àfi tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú nǹkan.