Ẹ̀yin Ọlọ́pàá Sípẹ́lì, Ẹ Kú Iṣẹ́ O!

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́pàá sípẹ́lì. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú àmójútó. Lánàá ni mo tún bá ọ̀kan nínú yín lẹ́nu iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí mi sì wú. Ìyá kan ló kọ̀wé síta pé ọmọ òun kò rí oorun sùn, pé láti ìgbà tó ti ń lo oògùn tuntun ni gbogbo ara ti ń yún un, pé ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, kó jọ̀ọ́, kó gba òun nímọ̀ràn. Níbì kan láàárín ọ̀rọ̀ náà, ó kọ recieve. Èsì tó kọ́kọ́ wọlé kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: *receive. Ó parí. Kò sí "ẹ pẹ̀lẹ́", kò sí "ara ọmọ ńkọ́?" Lẹ́tà e ti padà síwájú i, ayé ti tòrò.

Ìràwọ̀ tó wà níwájú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tó lágbára tó bẹ́ẹ̀! Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ló máa ń lò ó: ọwọ́ yọ̀, ó fi ìràwọ̀ kan tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ onítirẹ̀, ẹ sọ ọ́ di kóńdó. Ó tiẹ̀ sàn ju kóńdó lọ, torí ẹni tó fẹ́ lo kóńdó á kọ́kọ́ dìde lórí ìjókòó. Tiyín, àtàǹpàkò kan ti tó. Kò béèrè "mo rò pé", kò béèrè "ẹ má bínú", kò sì béèrè pé kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ dópin.

Mo ti rí ìràwọ̀ yìí lábẹ́ ìkéde òkú. Mo ti rí i lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn. Mo ti rí ibi tí ìràwọ̀ ti ń bá ìràwọ̀ jà: ẹnì kan tún ọ̀rọ̀ ṣe, àṣìkọ wà nínú àtúnṣe náà, ẹnì kejì fi ìràwọ̀ tirẹ̀ bá a wí, ẹnì kẹta dé, ó ní kọ́mà ẹnì kejì kò sí níbi tó yẹ, ẹnì kẹrin kàn ju ìràwọ̀ sílẹ̀, kò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e, bóyá kó ṣáà lè wà ní sẹpẹ́. Nígbà tó máa fi di ààjìn, ojú ìwé ti di sánmà. Awòràwọ̀ tó bá yà síbẹ̀ á lè fi sọ ọjọ́ ọ̀la ọba. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ pé jọ ńkọ́? Èmi náà ti gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti kìlọ̀ fún yín. Ní 1992, John Bangsund, olóòtú ìwé kan ní Ọsirélíà, gbé òfin kan jáde: ẹni tó bá kọ̀wé láti bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ olóòtú tàbí ti aṣàyẹ̀wò ìwé, àṣìṣe kan kò ní ṣàìwà nínú ohun tí òun náà kọ. Ó sọ ọ́ ní òfin Muphry. Mo rí ẹnì kan nínú yín tí ọwọ́ ti ń yún. Ẹ fi í sílẹ̀. Bangsund mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí òfin Murphy, tó ní ohun tó bá lè bàjẹ́ á ṣáà bàjẹ́.

Ẹ ní ìfẹ́ èdè ló ń ṣe yín. Ó dáa, a gbọ́. Ní 2016, Julie Boland àti Robin Queen ní Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà, ní kí èèyàn 83 ka íméèlì àwọn tó fẹ́ wá bá wọn gbélé, kí wọ́n sì sọ irú ẹni tí wọ́n rò pé ó kọ ọ́. Àṣìkọ wà nínú àwọn kan, kò sí nínú àwọn míì. Wọ́n wá yẹ ìwà àwọn òǹkàwé náà fúnra wọn wò. Àwọn tí ara wọn kì í yá mọ́ èèyàn, tí wọn kì í fẹ́ gba tẹlòmíì rò, àwọn ni inú máa ń bí jù tí wọ́n bá rí ẹni tó kọ your níbi tó ti yẹ kó kọ you're. Èmi kọ́ ni mo pè yín ní òǹrorò o. Michigan ni kẹ́ ẹ lọ bá jà.

Ẹ̀fẹ̀ tó báyìí. Ìwà burúkú lẹ̀ ń hù.

Ìgbà tí èsì bá tán lẹ́nu yín lẹ máa ń rí àṣìkọ. Ẹnì kan á fi àlàyé há yín mọ́gun, ẹ ò ní sọ pé òótọ́ ni, ẹ ò ní sọ pé irọ́ ni. Lẹ́tà tó ṣubú lẹ máa lọ ṣa. "Olódo" á tẹ̀ lé e. "Padà sílé ìwé" á tẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn tí kò dá sí ọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ á wá máa fi àwòrán ẹ̀rín sí i, ẹ̀yin náà á sì rò pé ẹ ti jàre.

Mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé títún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe niṣẹ́ rẹ̀. Ó ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó máa ń jẹ́ kí ìwé kíkà àti kíkọ nira fún èèyàn. Ẹnì kan béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìdí tí ẹ̀rọ òun kì í fi í tú omi jáde, ọ̀rẹ́ mi sì mọ̀ ọ́n. Mo jókòó tì í nígbà tó ń kọ èsì. Ìka kan ló fi ń tẹ fóònù, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kọ ìlà kan, ó ní kí fóònù kà á sí òun létí, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún tẹ́tí. Àágùn bo iwájú orí rẹ̀ lórí ìlà méjì. Ó fẹ́ kọ from, form ló jáde. Fóònù kò fa ìlà pupa sí i nídìí, torí ọ̀rọ̀ gidi ni form náà. Ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìràwọ̀ fi dé. Ẹni tó tẹ̀ lé ìràwọ̀ ní kó lọ kọ́ ABD kó tó máa kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó pa èsì náà rẹ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oníbéèrè lọ ra ẹ̀rọ tuntun, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn àwọn tí sípẹ́lì wọn dán. Asẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ló kàn dí.

Ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ò mọ̀ pé nǹkan báyìí wà. Rudolf Berlin, dókítà ojú ní Jámánì, ti lo orúkọ náà, dyslexia, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1887. Ní 1896, W. Pringle Morgan, dókítà ní England, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Britain nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń jẹ́ Percy. Ọmọ yìí kọ orúkọ ara rẹ̀ ní Precy, ó sì di ìgbà tí wọ́n pe àkíyèsí rẹ̀ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó rí i. Bẹ́ẹ̀ ni tí wọ́n bá kọ 785852017 sílẹ̀, geere ló ń kà á. Olùkọ́ rẹ̀ ní tó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ì bá já fáfá jù nílé ìwé náà. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀: *Percy. Iṣẹ́ ti parí, ẹ ti ń lọ sílé.

Ọpọlọ ẹni tó ní i ni kì í tètè so ìró mọ́ lẹ́tà. Ó máa ń tẹ̀ lé ìdílé, kò sì kan bí èèyàn ṣe gbọ́n tó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 wo ọpọlọ àwọn tó ní i ní Ítálì, Faransé àti Britain: apá ibì kan náà ni kò ti ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìwé kíkà rọrùn fún àwọn ará Ítálì ju àwọn tó kù lọ, torí pé bí wọ́n ṣe ń pe èdè wọn náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ̀ ń torí ẹ̀ bú èèyàn, òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ sí kóòtù. Shakespeare pàápàá, ìbuwọ́lùwé mẹ́fà rẹ̀ ló kù láyé, kò kọ orúkọ náà bákan náà nínú wọn. Ó kú tipẹ́tipẹ́ kí Samuel Johnson tó gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755. Orí ló kó o yọ.

Èyí tó wá ń dùn mí jù: tẹ́nì kan bá fi ìtìjú sọ pé dyslexia ló ń yọ òun lẹ́nu, ẹ á ní kó mú ìwé dókítà wá. Ta lẹ jẹ́? Ta ló fi yín joyè? Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan ìwé ìlera ìyá tó bí i lọ́mọ, òun ló fẹ́ yẹ ti àjèjì wò.

Iṣẹ́ àtúnkọ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kínú máa bí mi. Pẹ́ńsù la máa ń lò nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ìwé la máa ń kọ ọ́ sí, òǹkọ̀wé nìkan ló sì máa rí i. Bí àṣìṣe náà bá burú, a ó ti ilẹ̀kùn ká tó sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ kò tẹ orúkọ mi sínú ìwé kankan rí, owó mi kì í sì í dé lásìkò. Ìyẹn ṣì ń ká mi lára títí dòní, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bọ́ lọ́kàn. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má tún nǹkan ṣe. Bí ẹnì kan bá ṣi ìwọ̀n oògùn kọ, ẹ pariwo. Ẹ lu agogo.

Láìpẹ́ yìí, mo kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn ògúnná gbòǹgbò yín. Mo ní iṣẹ́ wà: ìwé olójú-ewé 400, lẹ́tà wínníwínní, kó wá bá mi ṣàyẹ̀wò rẹ̀, owó wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá àwọn èèyàn á máa rí òun tóun bá ń tún un ṣe. Mo ní rárá o, inú yàrá la ti ń ṣe é. Ó ní òun á ronú sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí kò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe níta gbangba tán, kò sì tíì ronú tán.