Irọ́ ni pé àwọn ará Éṣíà tó wà l'Amẹ́ríkà kì í ṣàìsàn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, pé ará Éṣíà kì í sanra, ẹja àtẹ̀fọ́ ni wọ́n ń jẹ, àwọn ló ń pẹ́ láyé jù l'Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ ti ká pẹ́ láyé, bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò gọ́mẹ̀ntì wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ ná. Ará Ṣáínà, ará Íńdíà, ará Vietnam, ará Laos, ẹni tí bàbá bàbá ẹ̀ ti wà ní California àti ẹni tó sá fógun débẹ̀, "Asian" (ìyẹn ará Éṣíà) kan náà ni gbogbo wọn ń máàkì lórí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù, kódà láti 1977 títí di 1997 wọ́n tún kó àwọn ará Hawaii àti Samoa mọ́ wọn. Bí ìgbà téèyàn da omi tó ń hó mọ́ omi tútù ni, ó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò dẹ̀ sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ti hó níbẹ̀.

Ẹ wo jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láàárín 1988 sí 1992, nínú obìnrin Vietnam 100,000 tó wà l'Amẹ́ríkà, bíi 43 ló ń ní in lọ́dún, tàwọn obìnrin Japan ò tó 6! Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ta ló máa rántí gbé àyẹ̀wò lọ bá àwọn ìyá Vietnam yẹn, ní èdè tí wọ́n gbọ́? Bẹ́ẹ̀ àrùn téèyàn lè tètè rí kó sì tọ́jú ni.

Èyí tó dùn mí jù ni tàwọn nọ́ọ̀sì Filipino, ìyẹn àwọn ará Philippines ní Éṣíà. Nínú nọ́ọ̀sì 100 l'Amẹ́ríkà, bíi 4 péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ National Nurses United ka àwọn nọ́ọ̀sì tí kòrónà pa, ní September 2020, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ Filipino. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ló kà wọ́n o, kì í ṣe gọ́mẹ̀ntì.

Ti pé wọn kì í sanra yẹn náà, ọ̀rá lè kó sínú ikùn kójú má rí i, kó sì fa àrùn ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí American Diabetes Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àrùn ṣúgà l'Amẹ́ríkà, fi sọ lọ́dún 2015 pé tí BMI (ìṣirò tí wọ́n fi ń wo bí ìwúwo èèyàn ṣe bá gíga ẹ̀ mu) ará Éṣíà bá ti tó 23, kí dókítà ti máa ronú àyẹ̀wò ṣúgà fún un, kó má dúró dé 25 tí wọ́n ń lò fáwọn yòókù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ó kàn yín o. Yorùbá, Somali, Ethiopia, "Black African" kan náà ni gbogbo yín ń máàkì, NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀ sì ti ka adúláwọ̀ mọ́ àwọn tí 23 yẹn bá wí, torí náà ẹ bi GP yín, dókítà àdúgbò yín, léèrè.