Áàpù ìṣirò owó yìí fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ lójú àwọn tí a jọ ń dájọ

Lálẹ́ àná, nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo gbé fóònù, mo pe ìyá kan tó tó bí mi lọ́mọ. Mo ní, "Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ má bínú mà, mi ò tíì rí owó àjọ yín ti oṣù yìí o." Màmá kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ìwọ náà lo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé o ti rí i, pé Ọlọ́run á bù sí i?"

Ilẹ̀ ò kúkú lanu kí n wọlé. Mo ti rí owó náà lóòótọ́. Mo ti ṣàdúrà sí i lóòótọ́. Áàpù ló ní n ò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n bínú, ẹ jọ̀ọ́. Láti ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni mo ti ń fara dà á.

Èmi ni mo ń gba àjọ fún àwa mẹ́wàá ládùúgbò wa, ₦20,000 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àkáǹtì kan náà ni owó oṣù mi ń wọ̀, ibẹ̀ náà ni owó epo, owó iná àti owó iléèwé ti ń jáde. (Ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣí àkáǹtì míì fún àjọ. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi ná.) Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n ra áàpù ìṣirò owó sórí kọ̀ǹpútà, pé kí n kàn gba sitétímẹ́ǹtì báńkì ní Excel, kí n kó o wọlé, pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún! Ṣé ẹ rí ẹnu ọ̀rẹ́ yẹn?

Báńkì ni mo máa kọ́kọ́ bá wí. Mo béèrè Excel, wọ́n fi PDF tó ní páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́. Mo tún béèrè, mo rìn dé ọ́fíìsì wọn, mo tò sórí ìlà, kí wọ́n tó fún mi ní ohun tí wọ́n pè ní Excel. Mo ṣí i, Excel fúnra rẹ̀ kígbe pé ohun tó wà nínú fáìlì yìí kò bá orúkọ rẹ̀ mu. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n gbé agbádá Excel wọ̀! Ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́, àmì báńkì, àdírẹ́sì mi àti ìkíni ni. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sọ fáìlì náà di CSV, irú fáìlì tí áàpù ní òun ń jẹ, mo kó o wọlé.

Ó gbà á. Kò jiyàn rárá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ la máa ń kọ ṣáájú oṣù. 12/05, ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú, ìlànà tiwọn sì ni áàpù yìí bá wá sáyé. Epo jẹnẹrétọ̀ tí mo rà lóṣù Karùn-ún, ó gbé e sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá. Oṣù Kejìlá tí a ò tíì rí! Mo ti ra epo Kérésìmesì nínú oṣù Kẹsàn-án. Owó oṣù mi ńkọ́, tó máa ń wọlé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Áàpù wá oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n títí, kò rí i, ló bá fo ìlà náà. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ kẹtàlá sí òpin oṣù ló fò, kò sì sọ fún mi. Ohun tó kọ síwájú mi ni pé iṣẹ́ ti parí, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ewé tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá fi kún un pé mo kú iṣẹ́, pé ìnáwó mi ti dín kù.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Tí kò bá gbọ́ ohun tí mo sọ, kí ló dé tí kò béèrè? Ọmọ tí a rán ní ọjà, tí kò mọ ohun tí a ní kó rà, ṣebí ó máa ń padà wá béèrè ni.

Owó iléèwé ọmọ, ₦185,000. Kọ́mà ni CSV fi ń ya òpó kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Tí kọ́mà bá wà nínú iye owó, ó yẹ kí wọ́n fi àmì àyọlò (“ ”) yí iye náà ká kó má baà já sí méjì. Ohun tí mo fi sọ fáìlì náà di CSV ò ṣe bẹ́ẹ̀. Áàpù dé orí 185,000.00, ó gé e sí méjì bí ẹni gé iṣu: 185 lọ sí òpó owó, 000.00 lọ jókòó sí ibi àlàyé. ₦185 ni owó iléèwé! Ẹ júwe iléèwé yẹn fún mi, mo fẹ́ kó gbogbo ọmọ àdúgbò lọ síbẹ̀. Àmì náírà ńkọ́? Ó ti di â‚¦. Mo kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà mi ti lárùn ni.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo yọ kọ́mà. Mo wá rí i pé àyè kan wà tí a ti lè yan bí ọjọ́ ṣe máa wà, tí wọ́n fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ bí ẹran inú ìkòkò. Mo kó fáìlì wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Púpọ̀ nínú ìnáwó mi bá di méjì-méjì, nítorí ti àkọ́kọ́ tó ṣì ọjọ́ kọ ṣì wà níbẹ̀. A ní ká jẹ èkuru kó tán, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Báláǹsì tèmi wá fi ₦99,750 dín sí ti báńkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba àjọ rí, ẹ mọ bí àyà ṣe ń já ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Owó olówó! Ibẹ̀ ni mo ti sáré wo ìwé, tí mo ti pe màmá yẹn, tí mo ti fi ẹnu ara mi ra ìtìjú. Baálé mi ní, "Màmá wọn, wá sùn." Oorun wo?

Aago kan òru kọjá kí n tó rí i. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, ènìyàn mẹ́fà ló san ₦20,000. Ọjọ́ kan náà, iye kan náà. Áàpù wo ọjọ́, ó wo iye, ó ní àṣìtẹ̀ ni, ó mú ẹyọ kan, ó da márùn-ún nù. Kò wo orúkọ ẹni tó san, tó wà nílẹ̀ gbangba. Báńkì sì yọ ₦50 owó ìjọba lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí ní 2025 yìí, lára ẹni tó gba ₦10,000 sókè ni wọ́n ń yọ ọ́. Márùn-ún nínú ìyẹn náà, ó gbé e mì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦100,000, ẹ yọ ₦250 kúrò. Èyí tó jẹ́ àtúnkọ gan-an ní àárọ̀, kò dá a mọ̀. Èyí tí kì í ṣe àtúnkọ ló wá gbọ́n sí.

Nọ́ḿbà gígùn kan wà lára tiransífà kọ̀ọ̀kan, nọ́ḿbà tí wọ́n tò pọ̀ sínú rẹ̀ tó 30, òun ni ì bá fi hàn pé owó mẹ́fà kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n Excel kì í dì ju nọ́ḿbà 15 mú. Ìyókù, òdo ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Excel yìí náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sá fún ní 2020, tí wọ́n yí orúkọ àwọn jíìnì kan (ohun àjogúnbá inú ara) padà torí pé ó ń sọ SEPT1, tó jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú wọn, di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Ta wá ni èmi?

Láti 1997 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Microsoft, Intuit àti CheckFree ti gbé irú fáìlì kan jáde fún àkọsílẹ̀ báńkì, tó ń jẹ́ OFX, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀ nínú, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀. Mo bi báńkì mi. Ọmọ tó wà lórí káńtà ní, "Màmá, ṣé káàdì ATM ni?"

Ohun tí mo wá ṣe rèé, kí áàpù tó gbà pé ènìyàn mẹ́fà ni ènìyàn mẹ́fà. Mo fi kọ́bọ̀ kan lé ti ẹnì kejì, méjì lé ti ẹnì kẹta, títí dé márùn-ún. Owó ìjọba, mo kó o pọ̀ di ₦300. Nínú ìwé mi báyìí, màmá tí mo yọ lẹ́nu láago mẹ́wàá òru san ₦20,000.02. Báláǹsì mi sì fi kọ́bọ̀ 15 ju ti báńkì lọ. Áàpù tó gbé ₦99,750 mì tí kò gbin, òun ló ń tan iná pupa sí mi lójú láti àárọ̀ yìí nítorí kọ́bọ̀ 15.