Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà: ọ̀rọ̀ fún awakọ̀ bàálù tó fẹ́ fi èrò sílẹ̀ lọ gbé ẹrù

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ." Òwe yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí ọ̀dọ́ awakọ̀ bàálù kan ní Amẹ́ríkà bá ní ọ̀rọ̀ ti sú òun, pé òun fẹ́ kúrò ní ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń gbé èrò fún àwọn ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní regional, kí òun lọ máa gbé ẹrù. Owó oṣù ni ẹfà. Bàálù ńlá ni èje. Àwọn ohun tó tò sẹ́yìn méjèèjì ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ó ti rẹ̀ ọ́, àbúrò, mo mọ̀. Ẹni tó ń wa CRJ tàbí Embraer 175, àwọn jẹ́ẹ̀tì kékeré tí regional ń lò, lè gbéra lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí òjò dá méjì nínú rẹ̀ dúró, kí èrò sì máa wò ó bí ẹni pé òun ló rọ òjò. Lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́, ìgbà tí bàálù bá kúrò níbi tó dúró sí ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí owó. Gbogbo ìjókòó láàárín ìrìnàjò kan sí èkejì, ti Ọlọ́run ni. Páálí kì í béèrè ìgbà tí a máa dé. Páálí kì í gbàgbé fóònù sórí ìjókòó. Ta ni kò ní wù? Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ohun àkọ́kọ́ láti rí ni pé iṣẹ́ ẹrù pín sí oríṣiríṣi. FedEx àti UPS ní ẹrù tiwọn, bàálù tiwọn, awakọ̀ tiwọn. Memphis ni ojúkò FedEx, ibi tí ẹrù wọn ti ń pàdé kí ó tó pín, Louisville ni ti UPS. Àwọn bíi Atlas Air àti Kalitta ń gbé ẹrù ẹlòmíràn: wọ́n á mú bàálù, awakọ̀, ìtọ́jú ẹ̀rọ àti owó adójútòfò wá, oníbàárà á sanwó, á sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Lọ́dọ̀ irú wọn, o lè kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o tó wá jókòó nílé fún ìyókù oṣù. Bàálù tí wọ́n kọ orúkọ Amazon sí lára ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gba awakọ̀ inú rẹ̀ síṣẹ́. Àwọn kan sì wà tó ń fi Cessna Caravan kó ẹrù láti ìlú kéékèèké wá sí ojúkò. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ fún ẹni tó ti ń wa jẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé iṣẹ́ ẹrù dùn, bi í léèrè pé ẹrù ta ni, nínú bàálù ta ni.

Òru ló tóbi jù nínú ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà. Wo bó ṣe ń rí ní ojúkò ẹrù ńlá. Láti bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni bàálù á ti máa tò wọlé láti ìlú gbogbo. Wọ́n á tú ẹrù, wọ́n á ṣà á, wọ́n á tún kó o sínú bàálù mìíràn. Láàárín àkókò yẹn, awakọ̀ á wá yàrá kékeré kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, á bọ́ bàtà, á rẹjú fún wákàtí kan tàbí méjì bí orí bá bá a ṣe é. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, tí ara ń bẹ̀bẹ̀ fún oorun ju ìgbàkígbà lọ, bàálù rẹ̀ ti kún, ó gbọ́dọ̀ gbéra. Òkè ni ilẹ̀ á ti mọ́ bá a. Á dé òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí àwọn tó kù ń jẹun àárọ̀, á mú hángà tí wọ́n fi ń so ṣòkòtò kọ́, á fi ẹnu hángà náà mú etí kọ́tìnì méjèèjì pọ̀ kí oòrùn má bàa gba àárín wọlé. Bí oorun ṣe fẹ́ wọra báyìí ni ẹni tó ń tọ́jú yàrá á wọ́ ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ìwé ìsinmi kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. O lè dijú fún wákàtí mẹ́jọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti sinmi, kí o sì dìde bí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan bẹ́ẹ̀dì rárá.

Òfin gan-an kò dúró síbi kan náà fún èrò àti ẹrù. Ní oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air, ilé-iṣẹ́ regional kan, já nítòsí Buffalo, ènìyàn 50 sì kú. Láti inú ìbànújẹ́ yẹn ni òfin ìsinmi tuntun ti jáde, Part 117, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2014. Ó fún awakọ̀ èrò ní wákàtí 10 ìsinmi kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí 8 nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti oorun. Bí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ lóru, iye wákàtí tó lè ṣe á dín kù. Wọ́n yọ awakọ̀ ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Òfin àtijọ́ ló ṣì ń darí tiwọn, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ gba tuntun. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ awakọ̀ bá ilé-iṣẹ́ ṣe ni yóò dí àlàfo yẹn, nítorí náà ka orí tó sọ̀rọ̀ ìsinmi nínú rẹ̀ kí o tó ṣí ojú ewé owó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, kí ilẹ̀ tó mọ́, bàálù UPS kan tó ti Louisville bọ̀ já bó ṣe fẹ́ gúnlẹ̀ ní Birmingham, Alabama. Awakọ̀ méjèèjì ló kú. NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀, ka àárẹ̀ mọ́ ohun tó dá kún un. Mi ò mú èyí wá láti fi bú òkú. Bí o bá jẹ́ ẹni tí kì í lè sùn lọ́sàn-án bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, má tan ara rẹ pé ó máa mọ́ ọ lára. Àwọn kan wà tí kì í mọ́ lára láéláé.

Nọ́ńbà ló tún kàn, ìyẹn ipò rẹ nínú ìlà àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́. Níbi iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí o wọlé ni agbára rẹ, bíi ti àwọn ìyàwó ilé: ẹni tó wọlé ṣáájú ni ìyálé, ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń pín ìlú tí o máa ti gbéra, bàálù tí o máa wà, ọjọ́ ìsinmi àti ìgbà tí o máa di kápítéènì. Bí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kò ṣàì sí níbi ẹrù, àmọ́ àwọn àgbà ti gbé e. Kò sì sí ẹni tó ń ru nọ́ńbà rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Kápítéènì ọlọ́dún mẹ́wàá á lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Nígbà tí o bá pé ẹni ọdún 65, òfin ní kí o sọ̀ kalẹ̀. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè ṣe àṣìṣe kan kó sì tún un ṣe. Ẹni àádọ́ta kò ní àyè yẹn. Bí regional tí o wà bá jẹ́ Envoy, Piedmont tàbí PSA, American Airlines ló ni ín, ìlà sì wà tí awakọ̀ ń tò dé American. Ka iye ènìyàn tó wà níwájú rẹ kí o tó jáde nínú ìlà náà.

Àwọn tó ní ẹrù ni ibi ìsádi ńkọ́? Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ní ọdún 2020, èrò di ọ̀wọ́n, Compass àti Trans States, tí wọ́n jẹ́ regional, kógbá wọlé ní oṣù kẹrin, ExpressJet tẹ̀ lé wọn ní oṣù kẹsàn-án, ẹrù sì ń pọ̀ sí i. Ní 2023, ẹrù ti fà sẹ́yìn, awakọ̀ FedEx pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ilé-iṣẹ́ náà sì ń sọ fún wọn pé PSA ń wá ènìyàn. PSA tó jẹ́ regional!

Èrò tèmi nìyí, àwọn kan ò ní gbà. Bí FedEx tàbí UPS bá pè ọ́, tí o sì lè sùn lọ́sàn-án, máa lọ. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń gbé ẹrù ẹlòmíràn, tí ó sì ku díẹ̀ kí o di kápítéènì níbi tí o wà, dúró gba ipò náà, kí o kó wákàtí jọ nínú rẹ̀. Mo mọ ẹni tí mo máa yọ kúrò nínú ìmọ̀ràn yìí: ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibùdó iṣẹ́, tí wíwọ bàálù lọ síbi iṣẹ́ ń jẹ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tán. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń gbé ẹrù ẹlòmíràn máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún awakọ̀ láti ìlú tó ń gbé. Tún wo ìwé àdéhùn lórí owó tí ilé-iṣẹ́ tuntun máa fi kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn kan á ní kí o san án padà bí o bá lọ kí àkókò tó pé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé ló máa pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́ ní aago méjì ọ̀sán kí o lè sùn. Òun ni kí o kọ́kọ́ bi.

Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Fi àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ sílẹ̀, wá awakọ̀ tó ti lo bí ọdún méjì níbẹ̀. Ní kí ó fi ìwé iṣẹ́ oṣù tó kọjá hàn ọ́. Bi í pé nígbà tó pe ọ̀gá pé àárẹ̀ ò jẹ́ kí òun lè fò, ṣé wọ́n sanwó ọjọ́ náà, tàbí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tí wọ́n sì fún ọ ní ọjọ́ méjì láti mú kan tí o máa fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, mú èyí tó yá jù, kódà bí ìsinmi tí o ti ń retí bá bá a lọ, torí nọ́ńbà ń bọ̀ láti ọjọ́ yẹn.